Jan van Eyck, ayàwòrán tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri

Ìtàn ìgbésí ayé ayàwòrán kan tó ti kú láti ọdún 1441 ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí. Jan van Eyck ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Bruges ló kú sí, ní ilẹ̀ Flanders, tó jẹ́ ara orílẹ̀-èdè Bẹ́líjíọ̀mù báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ayàwòrán òyìnbó, ìdáhùn wa kò gùn. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí ayé mọ̀ jù lọ jẹ́ àwòrán oníṣòwò kan tó kúrò nílùú baba rẹ̀, tó lọ ń ṣòwò aṣọ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Àwa tí à ń gbé ẹ̀yìn odi, tí fọ́tò ìgbéyàwó wa gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ nílùú tí kì í ṣe tiwa, kò yẹ kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán náà kò tóbi rárá. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 82, ìbú rẹ̀ tó 60, orí pákó igi óákù ni ó sì kùn ún sí. Yàrá kan ni a rí. Ọkùnrin kan dúró lápá òsì, nítòsí fèrèsé, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ àlùkò dúdú tí wọ́n fi awọ ẹran onírun ṣe ìtẹ́nú rẹ̀, ó sì dé fìlà ńlá dúdú. Obìnrin kan dúró lápá ọ̀tún, nítòsí ibùsùn pupa, aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ká a jọ síwájú ikùn rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì gba ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà mú, ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè. Ajá kékeré onírun kan dúró níwájú wọn. Bàtà onígi ọkùnrin náà wà nílẹ̀, ó ti bọ́ ọ. Bàtà obìnrin wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọsàn wà lójú fèrèsé, òmíràn wà lórí àpótí. Lókè orí wọn, ọ̀pá àbẹ́là onídẹ tó ní apá púpọ̀ rọ̀ láti àjà ilé, àbẹ́là kan ṣoṣo ló sì ń jó lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojúmọmọ ni. Dígí roboto kan gbé kọ́ sára ògiri ẹ̀yìn. Nínú dígí yìí a rí ẹ̀yìn tọkọtaya náà, a sì rí ènìyàn méjì mìíràn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìwọ tí ò ń wò ó dúró sí gan-an.

Lókè dígí náà ni ọ̀rọ̀ wà. Jan fi èdè Látìn kọ ọ́ sára ògiri yàrá náà, pẹ̀lú irú lẹ́tà ẹlẹ́wà tí wọ́n fi ń kọ ìwé òfin, pé òun wà níbẹ̀, ó sì kọ ọdún 1434 sí i. Kò kọ ọ́ pé òun ni òun yà á. Ó kọ ọ́ pé òun wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ká tó dé ìdí ìjà náà, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó kọ ọ́.

Nǹkan bí ọdún 1390 ni wọ́n gbà pé wọ́n bí Jan, ìlú Maaseik létí odò Meuse ni wọ́n sì kà sí ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ náà wà nínú ilé wọn, nítorí pé ayàwòrán ni Hubert ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọdún 1422 ni orúkọ Jan ti ń hàn nínú ìwé ìnáwó John ti Bavaria, ìjòyè tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Holland, tí ààfin rẹ̀ wà ní The Hague. John kú ní oṣù kìíní ọdún 1425. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún náà, Philip, Díúkù Burgundy, ti gba Jan síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán, ó sì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo èyí o. Lóòótọ́ Philip kì í jẹ́ ọba, ṣùgbọ́n Bruges, Ghent àti Lille wà lábẹ́ rẹ̀, owó tó ń wọlé fún un sì pọ̀ ju ti ọba mìíràn lọ. Owó ọdọọdún ni Jan ń gbà, kì í ṣe owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, Díúkù a sì máa rán an ní ìrìn àjò jíjìn tí wọn kì í kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé.

Ìrìn àjò kan wà tí a mọ ìdí rẹ̀. Ìyàwó méjì ti kú mọ́ Díúkù lọ́wọ́. Ní ọdún 1428, ó rán ikọ̀ lọ sí ilẹ̀ Pọtogí láti lọ tọrọ Isabella, ọmọ ọba João Kìíní, Jan sì wà nínú ikọ̀ náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ya ojú ọmọbìnrin náà, kí Díúkù lè rí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi fún un. Nígbà tí kò sí kámẹ́rà, ayàwòrán ni ojú alárinà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1429 ó ya àwòrán méjì. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ lójú omi, èkejì gba orí ilẹ̀, kí òkun má baà gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ. Philip wò ó, ó gbà, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kìíní ọdún 1430. Àwòrán méjèèjì ti sọnù. Ó dùn wá, nítorí àwòrán tí ọkùnrin kan gbójú lé láti fẹ́ ìyàwó tí kò rí rí, a ì bá fẹ́ mọ bí òótọ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Nígbà tó padà dé, ó kó lọ sí Bruges, ó ra ilé síbẹ̀, ó sì parí iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Hubert ti kú ní ọdún 1426, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán pẹpẹ ńlá kan fún ọlọ́rọ̀ kan ní Ghent tó ń jẹ́ Joos Vijd àti ìyàwó rẹ̀, Elisabeth Borluut. Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1432 ni wọ́n ṣí i fún aráyé. Bí wọ́n bá ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, ó ní Ádámù àti Éfà ní ìhòhò, ó sì ní Ọ̀dọ́ Àgùntàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà sínú ife lórí pẹpẹ. Ìtàn àwòrán yìí fúnra rẹ̀ tó ìwé kan. Wọ́n jí pákó kan nínú rẹ̀ gbé ní ọdún 1934, kò tíì padà. Àwọn ọmọ ogun Hitler kó ìyókù lọ, inú ihò tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ ní Austria ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1945. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára férémù rẹ̀, tó gbé Hubert sípò kìíní nínú iṣẹ́ náà, tó sì fi Jan ṣe ìkejì. Láti ìgbà yẹn ni kíkọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán ti di àṣà Jan. Ó tún ní gbólóhùn kan tó máa ń kọ sára férémù, tó túmọ̀ sí pé òun ṣe é bí agbára òun ṣe mọ, ó sì fi gbólóhùn náà ṣeré mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni àbí ìyangàn? Lójú tiwa, ẹni tí kò mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́ kì í kọ irú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti sọ pé òun ló dá ọ̀dà olóróró sílẹ̀. Giorgio Vasari, ará Ítálì, ló gbé ìtàn náà jáde ní ọdún 1550, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń fi òróró po ọ̀dà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú Jan. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni sùúrù. Yóò fi òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ po ọ̀dà títí yóò fi fẹ́lẹ́, yóò kun ìpele kan, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò tún kun òmíràn lé e. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú ìpele wọ̀nyí, á kan funfun tó wà nísàlẹ̀, á sì padà jáde sí ojú ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí idẹ inú àwòrán rẹ̀ fi ń dán bí idẹ, tí irun ajá sì ṣe é kà.

Díúkù mọ ohun tó ní lọ́wọ́. Ní ọdún 1434 tí Jan bímọ, Philip ni baba ìsàmì ọmọ náà, ife fàdákà mẹ́fà ló sì fi ta á lọ́rẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn akọ̀wé owó ní Lille fẹ́ máa fa ẹsẹ̀ lórí owó Jan. Díúkù kọ̀wé líle sí wọn pé bí ọkùnrin yìí bá torí owó fi òun sílẹ̀, òun ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ nínú ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n san án.

Ọdún ìsàmì yẹn náà ni ọdún tó wà lára ògiri. Ta wá ni àwọn tó dúró nínú yàrá? Kò sí orúkọ wọn lára àwòrán. Nígbà tó di ọdún 1516, ó wà lọ́wọ́ Margaret ti Austria, obìnrin tó ti ṣàkóso ilẹ̀ náà rí, akọ̀wé rẹ̀ sì kọ orúkọ kan tó dà bíi Hernoul le Fin sínú ìwé ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn akọ̀wé ṣe máa ń fi etí kọ orúkọ àlejò; orúkọ àwa náà ti rí nǹkan nínú ìwé owó orí. Ní ọdún 1857, àwọn onímọ̀ méjì, Crowe àti Cavalcaselle, sọ pé Arnolfini ni akọ̀wé náà ń gbìyànjú láti kọ. Ìdílé oníṣòwò ni Arnolfini, láti ìlú Lucca ní Ítálì, wọ́n ń ta aṣọ sẹ́dà àti aṣọ olówó iyebíye ní Bruges. Àwọn ará Lucca pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà bí àwa ṣe pọ̀ níhìn-ín. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti gbà pé Giovanni di Arrigo Arnolfini ni ọkùnrin náà, pé Giovanna Cenami ìyàwó rẹ̀ sì ni obìnrin náà.

Ní ọdún 1934, Erwin Panofsky, onímọ̀ ọmọ Júù tí ìjọba Hitler ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Hamburg, gbé àlàyé kan jáde tó gba ayé kan. Ó ní ìgbéyàwó ló ń lọ lọ́wọ́ nínú yàrá yẹn. Ìjọ Àgùdà ayé ìgbà náà gbà pé bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara wọn, wọ́n ti di tọkọtaya, àlùfáà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Nítorí náà, àwọn méjì inú dígí ni ẹlẹ́rìí, Jan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ ara ògiri sì ni ìfọwọ́síwèé rẹ̀. Àbẹ́là tó ń jó lójúmọmọ ni Ọlọ́run tó ń rí ohun gbogbo. Ajá ni ìṣòtítọ́. Bàtà tí wọ́n bọ́ fi hàn pé ibi mímọ́ ni wọ́n dúró sí. Obìnrin mímọ́ kékeré tí wọ́n gbẹ́ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni Margaret, tí àwọn aláboyún máa ń ké pè. Ó ní ohun gbogbo tó wà nínú yàrá náà jẹ́ ohun lásán lójú, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àrokò ni. Owó ẹyọ méjì tó dojú kọra kì í ṣe owó ẹyọ lásán lójú ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n àrokò kì í ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á bá jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Panofsky ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń di àrokò yìí. Ó jìnnà sí i ní 500 ọdún.

Àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó, kí ló dé tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì gba obìnrin náà mú, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ṣe é? Bàtà onígi, ohun tí wọ́n ń wọ̀ lé bàtà rírọ̀ ni, nítorí ẹrọ̀fọ̀ ojú títì. Ẹni tó bá wọlé á bọ́ ọ. Ibùsùn nínú yàrá àlejò kì í ṣe ohun ìyanu nílé olówó ayé ìgbà náà. Ọsàn kì í hù ní Flanders, òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá, owó gọbọi ni wọ́n sì ń rà á. Àwọn kan tún ti ń sọ pé obìnrin náà lóyún. Ẹ wo aṣọ rẹ̀ dáadáa: òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sókè síwájú. Nínú àwòrán mìíràn tí Jan yà ní ọdún 1437, tó wà ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, Catherine mímọ́ tó jẹ́ wúńdíá ní irú ikùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí àṣà ìmúra wọn ṣe rí nìyẹn.

Ilé ìṣúra àwòrán National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ra àwòrán náà ní ọdún 1842, fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí wo abẹ́ ọ̀dà rẹ̀. Wọ́n rí ìlà tí Jan kọ́kọ́ fà. Ajá kò sí níbẹ̀. Ọ̀pá àbẹ́là kò sí níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ ló fi wọ́n kún un. Èyí kò sọ pé wọn ò ní ìtumọ̀ o. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni wọ́n ń kọ látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì gbàgbé èyí tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀.

Ohun tó wá da ilé àlàyé náà wó ni ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997. Ìwé náà fi hàn pé ọdún 1447 ni Giovanni di Arrigo gbé Giovanna Cenami níyàwó. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tí Jan kùn àwòrán náà, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí Jan ti wà nínú sàréè. Àṣé Giovanni méjì ló wà nínú ìdílé Arnolfini ní Bruges, ìbátan ara wọn, bí ìgbà tí Bàbá Ìbejì bá pé méjì ládùúgbò kan tí lẹ́tà ọ̀kan ń dé ọwọ́ èkejì. Ojú wá yí sí Giovanni kejì, ọmọ Nicolao. Òun ní ìyàwó tó ń jẹ́ Costanza Trenta. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tí ìyá Costanza kọ ní ọdún 1433 fi hàn pé ọmọ òun ti kú.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni Jan kọ 1434 sára ògiri. Àwọn kan sọ pé ọkùnrin náà ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ní ọdún 2003, Margaret Koster ní òkú ni obìnrin náà, pé ọkọ rẹ̀ ló ní kí Jan ya òun pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí kò sí mọ́. Ó ní ká wo ọ̀pá àbẹ́là lẹ́ẹ̀kan sí i. Lápá ọkùnrin, àbẹ́là odidi ń jó. Lápá obìnrin, ìda tó ti yọ́ gbẹ sí ìdúró àbẹ́là, iná ibẹ̀ ti kú. Ó tún ní ká wo àyíká dígí, níbi tí Jan ya àwòrán mẹ́wàá wínníwínní nípa ìjìyà Jésù sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ. Lápá ọkùnrin, Jésù wà láàyè: wọ́n mú un, wọ́n nà án, ó ru àgbélébùú. Lókè ni wọ́n ti kàn án mọ́gi. Lápá obìnrin, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sin ín, ó jíǹde.

Àwa rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Bí ó ṣe wọ̀ wá lọ́kàn tó, orí orúkọ kan náà ló tún dúró lé, orúkọ tí akọ̀wé fi etí kọ, àwa sì ti rí ohun tí orúkọ ṣe fún Panofsky. Ṣùgbọ́n àlàyé méjèèjì kò dọ́gba lójú wa. Èyí tó ní ajá ni ìṣòtítọ́, ẹnu onímọ̀ la ti gbọ́ ọ. Ìda tó yọ́ àti Jésù tó wà láàyè lápá kan tó kú lápá kejì, Jan ló yà á síbẹ̀, ẹni tó bá lójú lè rí i láìmọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Fa ìlà kan láti òkè àwòrán wá sí ìsàlẹ̀, yóò gba orí ọ̀pá àbẹ́là, yóò gba orí orúkọ Jan, yóò gba àárín dígí, ọwọ́ tó di ọwọ́ mú, yóò sì bọ́ sórí ajá. Ìlà yẹn ló pín yàrá náà sí méjì. Ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn méjèèjì fi rékọjá rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn ni ọwọ́.

Ní ọdún 1439, Jan ya Margaret ìyàwó ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sára férémù pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kò sí dígí níbẹ̀, kò sí ajá, kò sí àbẹ́là. Obìnrin tó fi ìwo irun méjì sábẹ́ gèlè funfun ni, ẹnu rẹ̀ pa dé, ó ń wò ọ́ bí ẹni tó mọ iye owó tó kù nínú àpótí. Inú yàrá òfìfo ló yà á sí, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Jan kú ní Bruges. Wọ́n sin ín sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì Donatian mímọ́, ní ọdún 1442 Lambert arákùnrin rẹ̀ gba àṣẹ kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọdún 1799, nígbà tí àwọn Faransé gba ìlú. Díúkù Philip fún opó rẹ̀ lówó. Ní ọdún 1450, Lievine, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Jan fi sílẹ̀, fẹ́ wọ ilé àwọn sísítà, Díúkù kan náà ló tún yọ owó fún un. Bruges tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kọ́ ni ọmọ náà lọ. Maaseik ló padà sí, ìlú baba rẹ̀.